Kí Ẹ Tó Gé Àràbà Yẹn: Ìtàn Òwú Tí Ayé Fi Ń Sùn Kí Fóòmù Tó Dé

  Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Ọ̀rọ̀ igi àràbà ni, àti ohun tó wà nínú èso rẹ̀.

Ìdí tá a fi gbé e wá ni pé àwọn onígẹdú ń wọ abúlé, wọ́n ń béèrè àràbà. Igi náà fúyẹ́, wọ́n fi ń ṣe pláíwúùdù àti àpótí. Tí wọ́n bá ti na owó síni, ẹni tó ni oko á ní, "Igi tí èso rẹ̀ ò ṣeé jẹ, kí la fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, igi tí bàbá bàbá ẹni bá láyé á sì ti dùbúlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àwa ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ta igi rẹ̀ o. Ohun tá a ń sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń tà. Ìyẹn la ṣe fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

IGI WO LÀ Ń SỌ?

Àràbà làwa ń pè é. Àwọn Haúsá ń pè é ní rímì, àwọn Ígbò ń pè é ní akpu. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ni Ceiba pentandra. Òwú inú èso rẹ̀ làwọn òyìnbó ń pè ní kapok, wọ́n yá ọ̀rọ̀ yẹn láti inú èdè Màléè. Ẹ má ṣì í mú fún pọ̀npọ̀lá o. Òdòdó pọ̀npọ̀lá pupa. Ti àràbà funfun, òru ló sì máa ń là, tí àwọn àdán á wá máa lá omi dídùn inú rẹ̀. Àwọn àdán yẹn ló ń bá a gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri kó tó lè so.

Ẹ wo bí igi yìí ṣe wọ inú orúkọ àdúgbò. Ìdí-Àràbà wà l'Ékòó, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà. Ungwan Rimi wà ní Kàdúná. Àwọn baba wa ní, "Àràbà ni baba, ẹni a bá lábà ni baba." Olórí àwọn babaláwo n'Ífẹ̀, Àràbà ni wọ́n ń pè é. Igi tí wọ́n máa ń wé aṣọ funfun mọ́ nídìí kì í ṣe igi tọ́mọdé ń sún mọ́ lálẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ló dáàbò bo ọ̀pọ̀ àràbà títí dòní. Nígbà tí ìbẹ̀rù ti wá dín kù yìí, ó yẹ kí ìmọ̀ rọ́pò rẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

KÍ LÀWỌN BABA WA Ń SÙN LÉ?

Ẹní ni ibùsùn tólówó tálákà nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ẹní rọrùn, kì í gba ààyè, tílẹ̀ bá mọ́ a ká a sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín ti lọ díẹ̀ á tún rántí bẹ́ẹ̀dì koríko, tí wọ́n á ki koríko gbígbẹ sínú aṣọ tó nípọn, tó máa ń dún ṣìn-ìn-rìn tẹ́ ẹ bá yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n níbi tọ́lá bá wà, ohun rírọ̀ là ń wá. Àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ ń rán tìmùtìmù fún ọba àti ìjòyè, awọ lóde, nǹkan rírọ̀ nínú. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òwú àràbà wà lára ohun tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, tìmùtìmù àti gàárì ẹṣin.

Lókè ọ̀hún, nílẹ̀ Bọ̀nú àti Ṣókótó, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ní ẹ̀wù ogun kan tí wọ́n ń pè ní lifidi. Aṣọ méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n á ki òwú àràbà sáàárín, wọ́n á wá rán an mọ́ra ní ìlà-ìlà. Ẹṣin pàápàá ń wọ̀ ọ́. Ó nípọn débi pé ó ń bá wọn dín agbára ọfà àti idà kù. Ẹ rò ó wò o. Òwú tó ń fò kiri lójú ọ̀nà oko yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun làwọn kan fi ń dáàbò bo ẹ̀mí wọn lójú ogun.

BÍ ÒWÚ NÁÀ ṢE RÍ

Fọ́nrán òwú àràbà kọ̀ọ̀kan ṣófo nínú bíi páìpù. Tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀nà mẹ́jọ ló jẹ́ afẹ́fẹ́. Ohun kan bí ìda sì bo ara rẹ̀ lóde, ìyẹn ni omi kì í fi í tètè wọ̀ ọ́. Nǹkan mẹ́ta ló ti ibẹ̀ wá. Àkọ́kọ́, ó fúyẹ́ gan-an. Ìkejì, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, òógùn ara kì í dúró síbẹ̀ pẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí oorun orí rẹ̀ tutù nígbà ooru ju ti fóòmù lọ. Ìkẹta, ó ń léfòó: ó lè gbé ohun tó wúwo tó ìlọ́po 30 ìwọ̀n ara rẹ̀ sójú omi.

Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó kúrú, ó sì ń yọ̀. Kò ṣeé ran bí òwú oko. Ìdí nìyí táwọn ahunṣọ wa ò fi bá a da nǹkan pọ̀. Ìdí nìyí náà táwọn òyìnbó amúnisìn ò fi gbájú mọ́ ọn níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester ní 1902, òwú tó ṣeé ran ni wọ́n ń wá fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wọn. Oko òwú tí wọ́n dá n'Íbàdàn ló wá di Moor Plantation, tí kò sí òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Àràbà kàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

ÀWỌN ARÁ JAVA LÓ JẸ ÈRÈ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Java, erékùṣù kan ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Indonéṣíà lónìí. Àwọn ará Netherlands ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú òwú àràbà tí ayé ń rà ti ń wá. Bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé òwú àràbà Java ló wà nínú wọn.

Ibi tó wá dùn wá jù nìyí. Onímọ̀ ewéko kan, Herbert Baker, tó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ ọ́ ní 1965 pé ó jọ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni irú àràbà tí wọ́n ń gbìn ní Java ti ṣẹ̀. Ó ní ó jọ pé àràbà inú igbó kìjikìji àti àràbà ilẹ̀ ọ̀dàn ló pàdé, tí wọ́n bí irú kẹta, tí wọ́n sì gbé e kọjá lọ sí Éṣíà láyé àtijọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé wa ló lọ sọ ilé onílé di ọlọ́rọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀. Àràbà inú igbó wa máa ń ga ju mítà 50 lọ, ẹ̀gún wà lára rẹ̀, èso rẹ̀ sì máa ń là lórí igi, kí ẹ tó dé ibẹ̀ atẹ́gùn á ti gbé òwú lọ. Irú ti Java ò ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ ò pọ̀, èso rẹ̀ kì í sì í tètè là. Wọn kì í fi odindi oko fún un. Ẹ̀bá ọ̀nà, ààlà oko àti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbìn ín sí, oúnjẹ ń lọ nísàlẹ̀, òwú ń lọ lókè.

Tí èso bá ti gbó, wọ́n á fi ohun tó dà bíi gọ̀ǹgọ̀ tiwa já a kó tó là. Wọ́n á sá a sóòrùn. Wọ́n á là á, wọ́n á kó òwú rẹ̀ sínú yàrá tí wọ́n fi àwọ̀n yí ká kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ, wọ́n á wá fi ọ̀pá lù ú títí kóró á fi já sílẹ̀. Kóró ò ṣòfò, wọ́n ń fún òróró rẹ̀ fún ọṣẹ. Òwú tó mọ́, tí kò ní pàǹtí, òun ló ń gbowó gidi lọ́wọ́ oníbàárà. Èyí tí èèyàn bá ṣà nílẹ̀ lẹ́yìn tó ti là, tí ewé àti yanrìn ti wọ̀, kò lè bá a jẹ́ iye kan náà. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe àìní igi ló dá wa dúró? Irú igi àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tí wọ́n kórè ni wọ́n fi yọrí.

OGUN DÉ, ỌJÀ DÀRÚ

Òwú tó ń léfòó, ta ló nílò rẹ̀ ju awakọ̀ ojú omi lọ? Inú ẹ̀wù agbéniléfòó ti àwọn atukọ̀ ni wọ́n ń kì í sí. Ní oṣù kẹta 1942, Japan gba Java. Bí ọ̀nà òwú ṣe dí nìyẹn fún Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n jọ ń jagun.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n yíjú sí koríko kan tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà wọn, milkweed ni wọ́n ń pè é. Ìbátan bọmubọmu tiwa ni, òun náà ní òwú fífẹ́lẹ́ nínú èso. Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé jáde kí wọ́n máa ṣà á, wọ́n ń sọ fún wọn pé àpò méjì á gba ẹ̀mí ẹnì kan là, torí èso àpò méjì ló ń tó ẹ̀wù kan. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ wà ní Petoskey, ní ìpínlẹ̀ Michigan.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kíyè sí ìyẹn. Ẹni tó gbára lé ibì kan ṣoṣo fún ọjà, ọjọ́ tọ́nà bá dí ló máa mọ iye ohun tó ní lẹ́yìnkùlé.

FÓÒMÙ DÉ

Ní 1937, nílẹ̀ Jámánì, Otto Bayer àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Leverkusen rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè po kẹ́míkà pọ̀ di ohun tí à ń pè ní polyurethane. Lẹ́yìn ogun, láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe fóòmù rírọ̀ fún títà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní 1962, Ìkẹjà sì ni ilé iṣẹ́ náà wà. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà "fóòmù" di orúkọ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ lẹ́nu wa.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ fóòmù o. Ó ṣe wá lóore. Kì í ṣù lójú kan bí òwú. Èèyàn lè gé e sí ìwọ̀n tó bá fẹ́, wọ́n lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló bọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀dì koríko tó ń gún ọmọ lára nígbà tó dé. Ìdí nìyẹn tí òwú àràbà ò fi lè bá a dù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wà lónìí. Inú epo rọ̀bì ni àwọn kẹ́míkà fóòmù ti ń wá. Láti 1956 tí wọ́n ti rí epo tó ṣeé tà ní Oloibiri, orílẹ̀-èdè wa ní epo, síbẹ̀ òkè òkun la ti ń ra àwọn kẹ́míkà fóòmù wọlé. Nígbà tí dọ́là bá fò, owó fóòmù náà á fò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á lọ́jà mọ ìyẹn jù wá lọ. Tí fóòmù bá sì gbó, kì í jẹrà. Gọ́tà àti ààtàn ló ń gbé. Òwú àràbà tó bá gbó, ẹ dà á sóko, ilẹ̀ á jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ òwú àràbà ò kú níbi gbogbo. Ní agbègbè Pati ní Java, wọ́n ṣì ń fi kì bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí. Ní Thailand náà, ìrọ̀rí òwú àràbà wà lára ohun tí wọ́n ń tà fún àlejò àti sókè òkun. Àwọn tó ń rà á sọ pé àwọn fẹ́ ohun tí kò ní kẹ́míkà, tí ara á lè mí lórí rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÌṢÌRÒ

Àràbà tó ti dàgbà dáadáa, irú èyí tí wọ́n ń gbìn, lè so èso 300 sí 400 lọ́dún. Òwú inú wọn máa ń tó kìlógíráàmù 15 sí 18, kóró rẹ̀ á tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 30. Ìrọ̀rí kékeré kan kì í sábà gbà ju kìlógíráàmù kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ní ìrọ̀rí 15 lórí igi kan lọ́dọọdún, ẹ ò ṣàsọdùn. Ẹ fi iye tí ìrọ̀rí gidi ń lọ lọ́jà yín sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ yọ owó ẹni tó bá yín já a, owó aṣọ àti owó télọ̀. Ẹ wá gbé ohun tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí onígẹdú fẹ́ san. Tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbà á. Ti òwú, ọdọọdún ni.

Tí ìṣirò bá ní kí ẹ ta igi, ẹ tà á, kò sẹ́ni tó máa bú yín. Ohun tá ò fẹ́ ni kí ẹ tà á láìṣírò.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ GBÌYÀNJÚ

1. Ẹ mọ irú èyí tó wà lóko yín. Tí èso rẹ̀ bá ń là lórí igi kó tó bọ́, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Tí èso bá ń gbó láì là, ìyẹn ni ká tọ́jú, ká sì mú ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Àràbà ń hù láti ara ẹ̀ka tá a gé.

2. Ẹ má gùn ún lásán. Ẹ lo gọ̀ǹgọ̀ níbi tọ́wọ́ lè tó. Èyí tó ga kọjá agbára, ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀mí ju òwú lọ.

3. Ẹ já a nígbà tí èèpo rẹ̀ bá ti ń di àwọ̀ ilẹ̀, kó tó là. Ẹ sá a dáadáa lórí tapólì, ẹ má sá a sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

4. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu nígbà tẹ́ ẹ bá ń lù ú. Eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró fẹ́.

5. Ẹ má jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn rárá. Òwú àràbà ń gba iná wàrà-wàrà. Kò sí sìgá, kò sí fìtílà, kò sí àdògán nítòsí ibi tẹ́ ẹ kó o sí. Ẹ sọ fún ẹni tó bá rà á náà.

6. Aṣọ tó hun mọ́ra ni kí ẹ fi rán an, kí òwú má máa yọ jáde.

7. Ẹ kọ́ oníbàárà yín bó ṣe yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀. Kó máa sá a sóòrùn déédéé, kó máa fọwọ́ lù ú kó lè tún wú. Òwú àràbà máa ń ṣù tó bá pẹ́, tó bá sì gbó tán á máa rún bí ìyẹ̀fun. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ìdun náà lè sápamọ́ sí ojú rírán rẹ̀ bó ṣe ń sápamọ́ sí ti fóòmù, oòrùn sì ni ká fi máa lé e.

8. Ẹ má fi kóró rẹ̀ tàbí àkàrà kóró rẹ̀ bọ́ adìyẹ ẹlẹ́yin. Ohun kan wà nínú òróró rẹ̀ tó ń ba funfun ẹyin jẹ́.

9. Ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó kó èso igi mẹ́wàá jọ. Ẹ fi ìrọ̀rí mẹ́ta mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e fún télọ̀ tàbí ilé àlejò tó wà nítòsí, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

10. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín, kó jìnnà sílé. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń ya nígbà ìjì. Ààlà oko ló dáa jù.

Ìtàn àràbà kọ́ wa pé ohun tá a rò pé kò wúlò, ẹlòmíràn ti fi kọ́lé. Àwọn ará Java ò ní igi jù wá lọ. Wọ́n yan irú tó dáa, wọ́n kórè lásìkò, wọ́n tọ́jú rẹ̀ kó mọ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà nínú kòkó, nínú kajú, nínú ata gbígbẹ tẹ́ ẹ ń tà.

Ẹ̀yin àgbà tó mọ ibi tí wọ́n ti ń fi òwú àràbà rán ìrọ̀rí nígbà kan rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ síbí: ìlú wo ni, ta ló ń rán an, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ kóró rẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá sì ní àràbà lóko, ẹ ya fọ́tò èso rẹ̀ lóṣù kejì sí ìkẹta ọdún, ẹ fi ránṣẹ́, ká jọ wò ó bóyá irú tó ń là ni tàbí irú tí kì í là. Tónígẹdú bá ti débẹ̀ ṣáájú, ẹ ní kó lọ ná kó padà wá. Igi ò ní sá lọ.